Àwo Orin Kan Láti Ìlú Prague

Orin ńlá kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo orin ilẹ̀ Yúróòpù lọ, èyíinì ni símfónì kẹsàn-án tí Antonín Dvořák, ọmọ ilẹ̀ Bohemia, kọ ní New York ní ọdún 1893, tí ó sì sọ ní "Láti Ayé Tuntun". Ní ọdún 1892 ni ó dé Amẹ́ríkà láti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ orin kan. Níbẹ̀ ni Harry Burleigh, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí bàbá ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ti máa ń kọ orin ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ fún un gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn orin kan, òun gan-an ni ó ṣòro láti tẹ́ lọ́rùn. Apá kejì orin yìí ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀pọ̀ olùdarí. Níbẹ̀ ni fèrè kan tí wọ́n ń pè ní cor anglais ti ń dá kọrin. Àwọn mìíràn a máa fa orin náà gùn, wọn a máa mú un gbọ̀n, bí ẹni tí ń sunkún níbi òkú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí bí ọ̀rọ̀ yìí bá le. Mo ti ná owó púpọ̀ sórí irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Ilé ìtajà ohun àlòkù kan ní London ni mo ti rí èyí tí mo ń wá. Ẹgbẹ́ Czech Philharmonic ni ó ṣe é, Karel Ančerl ni olùdarí wọn, ọdún 1961 ni wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní Prague. Nígbà tí ó kan apá kejì, fèrè náà wọlé ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó ṣàánú òun. Ó ń ròyìn ilé rẹ̀ lásán, bí àgbà ti í ròyìn. Nígbà tí apá náà sì fẹ́ parí, níbi tí Dvořák ti dín àwọn olókùn kù sí ìwọ̀nba díẹ̀, tí orin ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ tí ó há ènìyàn lọ́nà ọ̀fun, Ančerl dúró, ó mí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo dá abẹ́rẹ́ padà, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ìtàn ọkùnrin náà kà. Júù ni. Ní ọdún 1942 ni àwọn Násì kó o lọ sí Terezín. Ní 1944 wọ́n kó o lọ sí Auschwitz, níbi tí wọ́n ti pa aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Òun yè. Ó darí ẹgbẹ́ náà láti 1950 títí di 1968, nígbà tí ogun Soviet wọ ilẹ̀ rẹ̀; ó lọ sí Kánádà, ó sì kú ní Toronto ní 1973.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó mọ orin jù mí lọ sọ pé kò yẹ kí a máa fi ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn gbọ́ orin rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Kí n tó mọ ohunkóhun nípa Ančerl ni àwo náà ti mú mi. Síbẹ̀, n kò lè gbọ́ àwọn ìdákẹ́ náà mọ́ bí mo ti gbọ́ wọn ní ọjọ́ kìíní.

Ohun kan kù tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo orin náà, tí ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aro dún, ní apá kẹrin, jẹ́jẹ́ ni pẹ̀lú. Nínú àwo yìí mo gbọ́ ọ. Níkẹyìn àwọn onífèrè di ohùn kan mú, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí tí kò fi sí ohun tí ó kù létí ju ìró abẹ́rẹ́ lórí àwo lọ.