ỌBẸ̀ TÓ LÈ MÚ ÌJÀPÁ SUNKÚN!

Ẹni tó bá ti Èkó wọ Ibafo, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, kò jìnnà sí Ọ̀fadà mọ́, ìlú tó fún ìrẹsì lórúkọ. Ẹ̀yìn Mowe ló wà, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ló sì ni gbogbo wọn. Ìrẹsì yìí kì í dá rìn o. Ayamáṣe ni ọkọ rẹ̀, ọbẹ̀ tó ń ta bí agbọ́n!

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ rántí Ìjàpá inú àlọ́, tó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, tí orí rẹ̀ fi pá. Ìkánjú ló pá a lórí. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ tó lè mú Ìjàpá sunkún, kó má ṣe bíi tirẹ̀.

Kó lọ ata rodo àti tàtàṣé tí kò tíì pọ́n, kó sè é kí omi rẹ̀ gbẹ. Kó da epo pupa sí ìkòkò, kó dé e, kí iná má pọ̀, títí àwọ̀ pupa rẹ̀ yóò fi ṣí. Ibí gan-an ni ewu wà! Kó sọ ìkòkò kalẹ̀, kí epo tutù kó tó ṣí ìdérí. Ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná, epo lè gbiná mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà, irú, ata, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin.

Bó bá ta jù, omi kò ràn án, torí oró ata kì í yòrò sínú omi. Wàrà ló ń rọ̀ ọ́.

Ata kò pa ẹnì kan ní ìdí ààrò. Epo tí wọn kò dúró dè ni kí ẹ bẹ̀rù.