Ẹrẹ̀ Òjò, Jíìpù àti Àpò Wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Durumi mọ̀ pé láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ọ̀nà méjì ni a ní: ọ̀nà ọlọ́dà tí ó lọ sí Garki àti Gudu, àti ọ̀nà inú àdúgbò tí ó ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Nítorí ẹrẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ta ọkọ̀ kékeré, tí a kó àjọ, tí a sì ra jíìpù tòkunbọ̀. A kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé owó tí jíìpù ń gbà lọ́wọ́ wa fún àtúnṣe ti ń fẹ́ pọ̀ jù, kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń bàjẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ ni, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ẹsẹ̀ táyà.

Àwọn bàbá wa ti mọ irú ọkọ̀ yìí kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Ọdún 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde, kò sì pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń gùn ún wọ ìgbèríko. Láyé ìgbà náà, awakọ̀ ni ọpọlọ ọkọ̀: òun ni yóò fa ọ̀pá kí táyà iwájú tó bá ti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́, òun náà ni yóò dá a padà bí ó bá gun ọ̀dà. Lónìí, ọkọ̀ ti ní ọpọlọ tirẹ̀. Ní 1978 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé bíréékì oníkọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí táyà gan jáde. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti mú ohun tí wọ́n ń pè ní traction control jáde, èyí tí ó wọ inú Range Rover ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ jíìpù tí à ń rà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò pọ̀ nínú wa tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà ti ìta ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi eyín gíà sí àárín àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan lè sáré ju èkejì; differential ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ohun rere ni lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó ń di wàhálà nínú ẹrẹ̀, nítorí pé agbára tí táyà orí ilẹ̀ líle ń rí gbà kì í ju ìwọ̀nba tí èyí tí ń yọ̀ lè lò. Ọ̀kan yóò máa yí lásán, èkejì yóò dúró bí ọ̀lẹ. Traction control ni onílàjà wọn. Ó ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń yí. Bí ó bá rí èyí tí ń sáré lásán, yóò tẹ bíréékì rẹ̀ nìkan, kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nígbà mìíràn yóò tún dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Iná kékeré tí ó ní àwòrán ọkọ̀ tí ń yọ̀, bí ó bá ń ṣẹ́jú, kì í ṣe àìsàn. Ó ń sọ fún wa pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n onílàjà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ìrọbí mú aya ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa. Jíìpù aládùúgbò ni a gbé e sí. Kò tíì dé ọ̀dà tí ọkọ̀ fi rì sínú ẹrẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà á tẹ iná mọ́lẹ̀, àmì yẹn ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì kò sì fẹ́ gbéra. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó pa á, ó tún fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ iná. Táyà ń yí bí òòyì, ó ń da ẹrẹ̀ sí wa lára. Lójijì ni ó kan òkúta tí ó wà nísàlẹ̀, ó dì í mú, a sì gbọ́ “gbàù!” Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Ọ̀pá tí ń yí táyà iwájú ti já.

Àga ni àwọn ọkùnrin fi gbé ìyá náà dé ọ̀dà, tí takisí fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tìyá tọmọ ni ó yè, a sì jẹ ìkómọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n owó tí onílé ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó fi ra ọ̀pá mìíràn.

Kì í ṣe bọ́tìnnì ni ó já ọ̀pá náà, ẹsẹ̀ ni. Bí ẹni tí ń sáré bá fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, eegun ni yóò gba gbogbo agbára eré náà. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tí ń yí kíákíá bá dì mọ́ ilẹ̀ lójijì. Bí kò bá tilẹ̀ já, bí ọ̀kan ṣe ń yí lásán fún ìgbà pípẹ́ ń mú àwọn gíà kékeré inú differential gbóná, ọ́ìlì kò ní lè bò wọ́n mọ́, wọn yóò sì máa jẹ ara wọn.

Nítorí náà, kí a tó wọ ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dúró wò ó. Kí a lo gíà kékeré, kí a sì rọra tẹ iná. Bí àmì bá ń ṣẹ́jú tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, kí ẹsẹ̀ dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń pa agbára kù nínú ẹrẹ̀ jíjìn tàbí iyanrìn, a lè tẹ bọ́tìnnì náà, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ fúyẹ́. Bí táyà bá ń yí tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí a sọ̀kalẹ̀, kí a wa ẹrẹ̀, kí a fi pátákó tàbí òkúta sábẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe ti gíà síwá sẹ́yìn nígbà tí táyà ṣì ń yí. Gíàbọ́ọ̀sì ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ilé náà wà ńlẹ̀. Láti ibí dé Lókọ́jà, Òkéné, Kábà títí dé Èkìtì, ọ̀dà ló pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ti iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn nínú ẹrẹ̀ àdúgbò, kí ó tú u kí ó tó wọ títì gbígbẹ. Ní kọ́nà, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rìn déédéé. Lórí ẹrẹ̀ wọn yóò yọ̀, lórí ọ̀dà gbígbẹ wọn yóò máa lọ́ gíà mọ́ra títí ohun kan yóò fi já. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Bí ọkọ̀ bá sì la omi jíjìn kọjá, kí mẹkáníìkì yẹ ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

A ń bẹ gbogbo ilé tí ó ní jíìpù pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tí ń wà á kí òjò tó tún dé. A sì ń bẹ Ẹgbẹ́ pé kí a ra pátákó mẹ́rin, ṣọ́bìrì àti okùn líle fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò tó owó ọ̀pá kan. Jíìpù ẹnìkan ni à ń pè é lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dé lóru, ti gbogbo wa ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa lọ ire, kí a máa bọ̀ ire.