Ohun Tó Ń Jó Lórí Òwú Àtùpà

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa nígbà tí a wà ní kékeré ní Mushin, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. Bí iná mànàmáná bá ti lọ, tí ìyá wa sì tan àtùpà sí àárín ilé, a ó jókòó yí i ká pẹ̀lú wàláà wa. Kí ni wọ́n fi ṣe iná? Omi ṣeé bù, iyanrìn ṣeé kó, afẹ́fẹ́ pàápàá ṣeé fẹ́ sínú bálúùnù. Iná ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé náà, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, ló là wá lójú. Ó tan àbẹ́là, ó sì fẹ́ ẹ pa. Kí èéfín funfun tó ń jáde lára òwú rẹ̀ tó tú ká, ó na ìṣáná tó ń jó sí èéfín náà lókè. Ìṣáná kò kan òwú rárá tí iná fi fò padà sórí rẹ̀. A pariwo, a rò pé idán ni.

Ó ní, “Òwú kọ́ ló ń jó o. Ọ̀rá àbẹ́là tí ooru ti sọ di afẹ́fẹ́ ni.”

Ẹ̀yìn ìgbà náà la wá mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ni Michael Faraday fi àbẹ́là kọ́ àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, ní àsìkò Kérésì ọdún 1860 wọ 1861.

Ẹ̀gbọ́n wa ṣàlàyé pé iná kì í ṣe ohun tí a lè wọ̀n sínú agolo bí ìrẹsì, ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló wà nínú kẹrosíìnì. Bí ó bá ti di afẹ́fẹ́, tó sì gbóná tó, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, yóò dàpọ̀ mọ́ ọn. Ooru á jáde, ooru náà á tún sọ epo mìíràn di afẹ́fẹ́. Báyìí ni iná ṣe ń bọ́ ara rẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ ló dùn mọ́ wa jù. Ó ti ṣíbí bọ ibi tí iná ti pupa rúsúrúsú. Nígbà tó yọ ọ́, ó ti dúdú. Dúdú tí ìyá wa ń fi yanrìn ha kúrò nídìí ìkòkò yẹn gan-an ló ń fún wa ní ìmọ́lẹ̀! Kábọ́ọ̀nù tí kò tíì rí ọ́síjìn tó ni, tó ṣù di èérún wẹ́wẹ́. Iná á mú un gbóná kọjá ìwọ̀n 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á sì máa tàn bí irin ṣe ń tàn lágbẹ̀dẹ. Iná gáàsì tó ń jó dáadáa kò ní irú èérún bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe búlúù: ẹ lè fi se ẹ̀wà, ẹ ò lè fi kàwé.

Ní ọdún 1994, nínú oṣù Ràmàdáánì, àbúrò wa obìnrin jí ṣáájú wa láti gbọ́ oúnjẹ sààrì. Epo àtùpà ti ń tán. Kò pa á kó tó máa da kẹrosíìnì tí a rà ládùúgbò sí i. Bú! la gbọ́. Apá rẹ̀ ọ̀tún àti àyà rẹ̀ jó, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsibítù.

Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ìyókù epo náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó da ìwọ̀nba ìdérí ìgò kan sórí iyanrìn, ó sì so ìṣáná mọ́ orí ọ̀pá gígùn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò.) Ìṣáná kò tíì dé ibẹ̀ tí epo fi gbiná. Wọ́n ti po bẹntiróòlù mọ́ ọn. Kẹrosíìnì tó dára gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 38 kí afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ tó lè gbiná. Ti bẹntiróòlù lè gbiná kódà nínú òtútù tó fi 40 rẹlẹ̀ sí òdo. Bí iná ṣe fò padà sórí àbẹ́là níjọ́sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fò wọ inú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àbúrò wa. Ẹni tó ta epo náà fún wa ní òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. A ò rí ẹnì kankan mú.

Surulere ni àbúrò wa ń gbé báyìí, iná oníbátìrì ló sì ń lò. Nígbà kan tí a lọ kí i, iná lọ, ọmọ rẹ̀ kékeré sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe iná. Ó wá àbẹ́là jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú wa pẹ̀lú ìṣáná.

Ó ní, “Ẹ̀yin, ẹ ṣe é hàn án.”

Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí a fi ṣe é tán.