Agboolé Kejì ní Adabraka

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti gbé ìlú Accra rí, ẹ ó mọ Adabraka. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Accra ní ọdún 1908, àwọn aláṣẹ ìgbà náà fẹ ìlú síwájú, kí àwọn tí wọ́n há mọ́ra ní àárín rẹ̀ lè rí ibi sún sí. Adabraka wà nínú àwọn ibi tí wọ́n là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú àhámọ́ra kan náà ni mo bá pàdé ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀ ní ọdún 2018, nígbà tí wọ́n gbà mí láti máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn.

Kọ̀ǹpútà tí yóò bá èkejì sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojúlé ti í ní. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.1.1, ó parí sí 192.168.1.254. Ẹ lè rò pé 254 tó. Ṣùgbọ́n fóònù ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kan a mú méjì wọlé, àlejò a tún béèrè. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó bá pẹ́ dé kì í rí nọ́ńbà gbà mọ́.

Ǹ bá ti fẹ ògiri agboolé náà kí 254 di 510. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ tí a ti fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà fún ni ǹ bá máa tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Mo kúkú dá agboolé kejì sílẹ̀, 192.168.2. Mo fi ráútà kan sí agbedeméjì, mo sì kó ẹ̀ka ìṣírò owó lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń gbọ́ ara wọn, mo lọ sùn.

Ọjọ́ kejì ni a ó san owó oṣù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dé báńkì.

Olórí ìṣírò owó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà lọ́mọdé nígbà tí àṣẹ ọdún 1969 lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò ní Gánà, wá dúró tì mí.

“Àbúrò, òní ni a dá fún àwọn ènìyàn o. Kí ni kí n wí fún wọn?”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n.”

Wákàtí kan di mẹ́ta. Mo ti bú àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí a ń rán ń jáde. Èsì rẹ̀ ni kì í délé. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹnu-ọ̀nà ìta kò mọ̀ pé agboolé kejì wà. Bí èsì bá dé, ìta ni ó ń dá a padà sí, ibẹ̀ ni ó sì ń sọnù sí, nítorí pé láti ọdún 1994 ni a ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé nìkan. Àìmọye ọ́fíìsì káàkiri ayé ni ó ń lo èyí tí àwa náà ń lò.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ sínú ẹ̀rọ náà: ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ti 192.168.2, kí ó gbé e fún ráútà àárín. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà sórí tábìlì, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, báńkì sì dáhùn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó náà, láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù lọ.