Ìka Mẹ́ta Lókè

Àwa tá a wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìdó-Ọ̀ṣun kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ọwọ́ òsì la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ má pè wá ní àbíìkọ́. Síkáótù ni wá, bí ẹgbẹ́ náà sì ṣe ń kíra wọn káàkiri ayé nìyẹn. Àmọ́ ta ni yóò là á yé bàbá àgbà? Ọ̀kan nínú wa gbàgbé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó na òsì sí bàbá tó bí bàbá rẹ̀, síkáàfù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa tá a dúró dè é níta gbọ́ ìró ìgbátí ọ̀hún. “Èmi lò ń na òsì sí? Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní síkúùlù nìyẹn?”

A kì í dédé gba síkáàfù yẹn. A ó kọ́kọ́ na ìka mẹ́ta sókè, a ó fi àtàǹpàkò tẹ ọmọńdinrín mọ́lẹ̀, a ó sì ṣèlérí: ojúṣe wa sí Ọlọ́run àti orílẹ̀-èdè, ìrànlọ́wọ́ fún ọmọnìkejì, ìgbọràn sí òfin Síkáótù. Ọlọ́run wo? Ẹnì kan ò béèrè. Ọmọ ààfáà sọ tiẹ̀, ọmọ ìjọ sọ tiẹ̀, fèrè dún, a tò. Bí ìpàdé bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá wa kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí àwọn tó lọ kí Jímọ̀ bá dé. Àwa tó kù á máa ta kókó okùn dè wọ́n.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni Bọ́ìsì Bìrìgéèdì ní tiwọn. Ká má purọ́, ìlù wọn dùn ju tiwa lọ. Àwọn Mùsùlùmí inú wa a máa jó tẹ̀lé e títí dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a wá ṣẹ́rí padà.

1915 ni Síkáótù dé Nàìjíríà, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí Baden-Powell kó àwọn ọmọ jọ sí erékùṣù Brownsea. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ náà kì í gba ọmọ tó bá ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, àwọn òbí sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Òfin tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí ní 2002 wá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń gba ẹgbẹ́ ìta láyè kò gbọdọ̀ torí ẹ̀jẹ́ Ọlọ́run yẹn ti Síkáótù mọ́ta. À ń gbọ́ ọ bí ìtàn ìlú òyìnbó.

Àfìgbà tó kan Ìwó. Ní 3 oṣù kẹfà 2016, Adájọ́ Jide Falola dájọ́ ní Òṣogbo pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Kristẹni kan náà fi wọ aṣọ akọrin wá sí kíláàsì ní Baptist High School ní Ìwó. Ìjọ ní àwọn làwọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìjọba ní òun ti gbà á láti àwọn ọdún 1970, òun lòun sì ń sanwó olùkọ́. Ta ni òbí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn? Ẹgbẹ́ wa ni. Àwa tá a jọ ta kókó okùn la tún jọ ń nàka síra wa. Síbẹ̀ bá a bá pàdé níbi ìnáwó, ohun tá a máa ń wí ni pé nígbà tiwa, irú èyí ò sí.

Ọmọ babaláwo kan wà láàárín wa. Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń wá bọ ní Òṣogbo kò jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ wa náà sì ti ń fi 20 oṣù kẹjọ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ìsinmi báyìí. Nígbà yẹn, Bíbélì tàbí Kùráànì ni wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní kíláàsì. Ó mú Kùráànì, torí olùkọ́ ti Bíbélì ń na ọmọ jù. Níbi ìsìnkú kan, ọ̀rọ̀ híjáàbù ń lọ, a ń yin ìgbà tiwa, òun ń jẹ ẹran rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wá bi í pé, lọ́jọ́ tó na ìka mẹ́ta sókè, Ọlọ́run ta ló ṣèlérí fún gan-an?

Ó nu ọwọ́. Ó ní, “Ẹ ẹ̀ bi mí nígbà yẹn.”