Iná Pupa Tí Wọ́n Fi Téèpù Bò

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà, ní 2001, dísìkì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá gbé wá. Bó bá kú, a ó wá irú rẹ̀ kiri, a ó yọ bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ pààrọ̀, a ó sì gbàdúrà.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé sáfà wá ló yí iṣẹ́ náà padà: dísìkì mẹ́rin, mẹ́fà, tí wọ́n ń ṣe bí ẹyọ kan. Patterson, Gibson àti Katz ní yunifásítì Berkeley, Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní RAID nínú àpilẹ̀kọ tó jáde ní 1988.

Ọ̀gá mi bí ìbejì, gbogbo àlàyé rẹ̀ ló sì ń kàn wọ́n. Ó ní ká fi àwọn ọmọ ṣe dísìkì: náírà márùn-ún wà lọ́wọ́ Táíwò, mẹ́ta wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, Ìdòwú kò lówó, àmọ́ ó kọ àròpọ̀ owó wọn, mẹ́jọ, sínú ìwé. Bí a bá wá Kẹ́hìndé tì, ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́jọ, ẹ ti mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Táíwò náà bá tẹ̀lé e, ìwé Ìdòwú kò wúlò mọ́. Nínú RAID 5, àwọn dísìkì ń gba iṣẹ́ akọ̀wé yìí ṣe láàárín ara wọn.

Iléeṣẹ́ kan gbé sáfà tiwọn wá, dísìkì mẹ́rin. Ọ̀kan ti kú láti oṣù mẹ́ta. Sáfà ké títí, wọ́n pa ohùn rẹ̀, wọ́n fi téèpù bo iná pupa. Nígbà tí èkejì kú, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ yọ gbogbo wọn, ó fẹ́ eruku, ó dá wọn padà bó ṣe wù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá wa tẹ rebuild."

Rebuild ni àṣẹ tí sáfà fi ń ṣírò ohun tó sọnù padà. N ò tẹ̀ ẹ́. Ìkánjú ti ba fáìlì jẹ́ lójú mi ju ikú dísìkì lọ. Ohun àtijọ́ ló wà nínú èyí tó kọ́kọ́ kú. Bí sáfà bá fi ṣe ìṣirò, yóò kọ ìranù lé ohun tó kù. Mo gbé dísìkì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ nọ́ńbà sára àwọn mẹ́ta yòókù, mo ṣe ẹ̀dà wọn sórí dísìkì tuntun. Èyí tó kú kẹ́yìn gba ọjọ́ mẹ́rin lórí íńfátà: ddrescue, ètò tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà, ń fo ibi tó le, ó ń padà wá síbẹ̀. Inú àwọn ẹ̀dà yẹn ni mo ti tún ètò wọn tò, títí ìwé owó oṣù wọn fi ṣí.

Ọmọkùnrin náà wá gbà á pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo bi í pé ibo ni kí n da fáìlì wọn sí. Ó nawọ́ sí sáfà náà.