Ẹ gbọ́ ohun tí ojú àwọn rẹfirí ń rí o!

Bí ọmọkùnrin kan bá jí ní Ìyànà Ọ̀fà lónìí, tó ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ẹ́ máa gbá jẹun, bàbá ẹ̀ lè bínú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa pè é ní Okocha. Àmọ́ kó ní rẹfirí lòun fẹ́ẹ́ ṣe, ẹ̀rín ni gbogbo wọn máa fi í rín. Wọ́n á ní ṣé kò ríṣẹ́ mìíràn ni, àbí èébú ló fẹ́ẹ́ máa jẹ yó? Wọn ò sì parọ́ púpọ̀. Láti Lálúpọn títí dé Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tó bá ń fọn fèrè lórí pápá ilé-ìwé nígbà tí abúlé méjì bá pàdé, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló ń wò. Ó ń wo ọ̀nà tó máa gbà délé pẹ̀lú.

Iṣẹ́ náà kò jọ iṣẹ́ mìíràn. Télọ̀ tó bá rán aṣọ dáadáa, wọ́n á yìn ín. Dẹ́rẹ́bà tó gbé èrò dé Ìwó Róòdù láyọ̀, wọ́n á ní ó ṣeun. Ṣùgbọ́n rẹfirí tó bá ṣe é re fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré lorúkọ ẹ̀ máa délé dóko.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú lọ́dún 2000, ṣé ẹ lè gbàgbé ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè? Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì, ayò méjì sí méjì, nínú àṣekágbá ife Áfíríkà, ló bá di pẹnáritì. Victor Ikpeba gbá tiẹ̀, bọ́ọ̀lù lu irin òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó sì tún jáde síta. Tẹlifíṣàn fi hàn pé ó wọlé. Mourad Daami, rẹfirí ọmọ Tùnísíà, ní kò wọlé. Kamẹrúùnù fi mẹ́rin sí mẹ́ta gbé ife lọ, ariwo sì gba gbogbo ìlú kan.

Ọmọ Tùnísíà mìíràn, Ali Bennaceur, ti jẹ irú ìyà yìí rí. Òun ló wà láàárín pápá ní Mẹ́síkò lọ́dún 1986, nígbà tí Maradona fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù sílé Ẹ́ńgílándì. Kò rí ọwọ́, ó wo alásìá ẹ̀gbẹ́ pápá, ìyẹn náà kò sọ nǹkan kan, ló bá ní góòlù ni. Lọ́dún 2022, wọ́n lu bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí, ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Àṣìṣe tí wọ́n fi ń bú u ló sọ bọ́ọ̀lù ẹ̀ di olówó iyebíye!

Àmọ́ ta ló ń rántí Said Belqola, ọmọ Mòrókò? Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí àṣekágbá ife àgbáyé, nígbà tí Faransé fìyà jẹ Bùràsíìlì lọ́dún 1998. Ó ṣe é dáadáa. Torí ó ṣe é dáadáa, Zidane ni gbogbo ayé ń sọ.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ oṣù gidi ni iṣẹ́ rẹfirí baseball, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á sì lo ọdún púpọ̀ ní líìgì kékeré kí wọ́n tó dé ti ńlá. Jim Joyce ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nídìí ẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 2010, ní Detroit. Armando Galarraga ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó yege. Ó ku ẹyọ kan kó wọ ìwé ìtàn. Joyce ní ẹni yẹn yege. Kò yege o! Nígbà tí Joyce wo fídíò, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà tẹkúntẹkún. Galarraga dì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èrò ìwòran pàtẹ́wọ́ fún Joyce.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín irú ẹni yẹn àti Joseph Lamptey, ọmọ Gánà. Lóṣù kọkànlá, ọdún 2016, ó fún South Africa ní pẹnáritì tako Senegal pé bọ́ọ̀lù kan ọwọ́, nígbà tó jẹ́ orúnkún ló kàn. FIFA dá a lẹ́bi pé ó fi ọ̀nà àìtọ́ darí èsì, wọ́n lé e títí ayé lọ́dún 2017, wọ́n sì ní kí wọ́n tún bọ́ọ̀lù náà gbá.

Èyí lọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó ṣì í àti ẹni tó tà á, bákan náà ni àwọn èèyàn wa ń sọ òkò lù wọ́n. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹni tó tà á, ẹ fà á lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ṣì í, ẹ jẹ́ kó lọ sílé láyọ̀. Bí wọ́n bá ń na àwọn méjèèjì pọ̀, olóòótọ́ á ju fèrè sílẹ̀, á gba oko ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbowó ló máa ṣẹ́kù sórí pápá, torí òun ti gba owó ìwòsàn ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé.